Irú Ọkọ̀ Wo?

Èmi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá,
èmi akọ̀wé tó jókòó ti fèrèsé,
níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń ṣí bébà mọ́ni lọ́wọ́,
ní àgọ́ ọlọ́pàá, ní Ẹ̀pẹ́.

Orúkọ: Ṣẹ̀gilọlá Yésúfù.
Iṣẹ́: ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù ìjọba.
Ibi tí wọ́n ti mú un: oríta Lágbàdé,
aago méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òjò ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì.
Irú ọkọ̀:
ibẹ̀ ni bírò mi dúró.

Ó fara ti ògiri, tẹ́ẹ́rẹ́,
bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé iṣẹ́ sọ́nà.
Táyà méjì tí kò ju àwo ìmùkọ lọ,
irin kan lóòró, irin kan níbùú fún ọwọ́ méjèèjì,
ibi ìtẹ̀sẹ̀ tó fẹ̀ tó ojú ìwé tí mò ń kọ.
Kò mu epo, kò hó, kò rú èéfín.
Síkúútà oníná ni.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ láti Hámúbọ́ọ̀gì,
nítorí ẹsẹ̀ òsì tí àrùn ti ké kúrú láti kékeré,
nítorí àwọn ọlọ́kadà tí í sọ pé "Àǹtí, ẹ gùn kíá!"
tí wọn kì í dúró kí ẹsẹ̀ kejì bá èkíní.

Kọ́ńsítébù Dáwódù ní, "Nọ́ńbà dà?"
Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun lọ sọ́fíìsì àwọn tó ń fúnni ní nọ́ńbà.
Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín.
Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n béèrè nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì.
Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá kan bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ní,
"Ọmọ mi, a kì í fún ohun ìṣeré ní nọ́ńbà."

Ohun ìṣeré ni títí ó fi dé títì.
Ó dé títì, ó di ọkọ̀,
ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà,
tí ẹni tó gùn ún kò ní láísẹ́ńsì,
láísẹ́ńsì tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ rí.

Mo rántí baba rẹ̀, Yésúfù agbẹ́kọ̀.
Ó gbẹ́gi, ó kun ọ̀dà, ó ti ọkọ̀ sómi, omi gbé e.
Omi kò bi í pé irú ọkọ̀ wo.
(Ṣùgbọ́n kí n má parọ́: ọdún tí ọkọ̀ dànù lọ́nà Èjìnrìn,
gbogbo wa la dúró sétí omi, tí à ń ké pé òfin dà.
Bàbá arúgbó kan náà sì wá jẹ́rìí láàárọ̀ yẹn,
ó ní nǹkan ọ̀hún dákẹ́ jù,
àfi bó ṣe fọwọ́ kan agbádá òun.)

Sájẹ́ńtì ní, "Òfin ò lòdì sí i.
Nínú àgbàlá baba rẹ, gùn ún tilẹ̀ fi ṣú."
Ṣẹ̀gilọlá ní, "Ọsibítù ò sí nínú àgbàlá baba mi."

Mo kọ "kẹ̀kẹ́", mo fagi lé e.
Mo kọ "alùpùpù", mo fagi lé e.
Ó tiro súnmọ́ tábìlì, ó wo ibi tí mo ti ba ìwé ìjọba jẹ́,
ó ní, "Bàámi, ẹ kọ ẹsẹ̀."

Mo kọ ọ́.
N kò fàmì sí i lórí, n kò fàmì sí i nísàlẹ̀.
Sájẹ́ńtì gbé e wò lókèèrè, ó kà á ní ẹ̀ṣẹ̀,
ó buwọ́ lù ú.

Ó fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Òjò ò tíì dá.
Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára síkúútà náà
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, títí di ọjọ́ kẹta,
kó tó kú.